Ta Ló Ni Ẹgbẹ́?

(Ìró: fèrè ọkọ̀ ojú irin ní Agége. Ohùn àwọn tó ń kiri búrẹ́dì. Ó ń rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀.)

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ títì Ọba Akran ní Ìkẹjà lásìkò yìí, ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ jẹ́ ká jọ máa tàkúrọ̀sọ kí ọ̀nà tó là. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin ní Ìkẹjà tàbí Agége, ẹ kú iṣẹ́ òòjọ́. Olúwa ò ní jẹ́ ká fi iṣẹ́ ṣòfò.

Ohun tí wọ́n gbé lé mi lọ́wọ́ fún ètò àkànṣe ti ọ̀sẹ̀ yìí ni eré ìdárayá tó di iṣẹ́ owó oṣù. Ọ̀gá wa ní kí n má bẹ̀rẹ̀ láti orí bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀, torí ojoojúmọ́ là ń sọ ìyẹn. Ó ní rọ́gíbì ni kí n mú. Rọ́gíbì kẹ̀? Ní Agége? Mo fẹ́ yarí. Àmọ́ nígbà tí mo tú ọ̀rọ̀ náà dé ìdí rẹ̀, Siberia ló gbé mi lọ, ó gbé mi gba Ìbàdàn kọjá, ó sì já mi sẹ́nu ọ̀nà pápá ìṣeré Agége. Níbi gbogbo tí mo dé, ìbéèrè kan náà ni mò ń bá pàdé: ta ló ni ẹgbẹ́?

(Ìró: afẹ́fẹ́ tútù. Ẹsẹ̀ tó ń tẹ yìnyín.)

Krasnoyarsk lorúkọ ìlú náà. Àárín Siberia ló wà, nílẹ̀ Rọ́ṣíà, odò Yenisei ló sì là á já. Àwọn tó ń gbé ibẹ̀ lé ní mílíọ̀nù kan. Ìlú iléeṣẹ́ paraku ni. Ọ̀kan lára àwọn iléeṣẹ́ tó ń yọ́ alumíníọ̀mù tó tóbi jù láyé wà níbẹ̀. Nígbà òtútù, tí gbogbo nǹkan bá dì gbagidi, odò tó gba àárín ìlú náà kì í dì, nítorí omi tó ń jáde lábẹ́ ìdídò tí wọ́n fi ń pèsè iná mànàmáná kì í jẹ́ kó dì. Èéfín á kàn máa rú lórí omi láàárọ̀. Ẹni tó bá rí i lókèèrè á rò pé odò náà ń hó.

Káàkiri Rọ́ṣíà, bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ àti họ́kì orí yìnyín lọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀. Ní Krasnoyarsk, rọ́gíbì ní àyè tirẹ̀. Ẹgbẹ́ ńlá méjì ló wà níbẹ̀. Wọ́n dá Krasny Yar sílẹ̀ lọ́dún 1969; ìkejì tẹ̀ lé e lọ́dún 1975, òun là ń pè ní Enisei-STM lónìí. Lẹ́tà mẹ́ta tó kẹ́yìn orúkọ yẹn wá láti ara orúkọ iléeṣẹ́ kan, Sibtyazhmash, àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ tó ń gbé ẹrù wúwo sókè, irú kéréènì ńláńlá tẹ́ ẹ máa ń rí ní Àpápá. Ẹ ti gbọ́ ọ báyìí: orúkọ iléeṣẹ́ ló wà lára orúkọ ẹgbẹ́. Ọjọ́ tí ẹgbẹ́ méjèèjì bá pàdé, ìlú á pín sí méjì. Àwọn méjèèjì ti gba ife ẹ̀yẹ líìgì Rọ́ṣíà láìmọye ìgbà, débi pé ńṣe làwọn ẹgbẹ́ Moscow ń rìnrìn àjò wákàtí márùn-ún nínú ọkọ̀ òfuurufú láti wá jìyà níbẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ò mọ rọ́gíbì, ẹ jẹ́ kí n yára ṣàlàyé. Bọ́ọ̀lù rẹ̀ gùn, ó rí bí ẹyin. Èèyàn 15 ló wà lápá kọ̀ọ̀kan. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń gbé bọ́ọ̀lù sá, àmọ́ ẹ ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ jù ú síwájú. Ẹ̀yìn tàbí ẹ̀gbẹ́ nìkan lẹ lè jù ú sí, àfi tẹ́ ẹ bá fẹsẹ̀ gbá a. Ẹni tó bá gbé e kọjá ìlà ìkẹyìn tó sì fi kanlẹ̀, àmì 5 ni. Ohun tí wọ́n ń pè ní try nìyẹn. Tí wọ́n bá tún gbá a gba àárín òpó méjì kọjá lẹ́yìn rẹ̀, àmì 2 tún wọlé. Ti scrum, níbi tí èèyàn mẹ́jọ-mẹ́jọ ti ń bẹ̀rẹ̀ fi èjìká ti ara wọn bí ẹni ń ti mólúè tó kú, òfin tó so mọ́ ọn pọ̀ rẹpẹtẹ. Ká fi ìyẹn sílẹ̀ fún rẹfirí.

Ohun kan péré ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ mú dání. Títí di oṣù kẹjọ ọdún 1995, èèwọ̀ ni kí ẹnikẹ́ni gba owó oṣù nídìí rọ́gíbì ẹlẹ́ni márùndínlógún yìí. Ẹni tó jẹ́ dókítà á kúrò lọ́sibítù, ọlọ́pàá á kúrò níbi iṣẹ́, wọ́n á lọ pàdé lórí pápá lọ́jọ́ Sátidé. Ìpàdé kan ní Paris ló gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí òfin náà. Látìgbà náà ni rọ́gíbì ti di iṣẹ́. Ìgbà náà gan-an sì ni wàhálà owó bẹ̀rẹ̀.

(Orin díẹ̀. Ó dákẹ́.)

Ẹ wá gbọ́ èyí tó dùn mọ́ mi nínú jù. Ní sáà 2015 sí 2016, Enisei-STM di ẹgbẹ́ Rọ́ṣíà àkọ́kọ́ tó máa wọ ìdíje Challenge Cup ilẹ̀ Yúróòpù. Wọ́n pín wọn sí ìsọ̀rí kan náà pẹ̀lú Brive ti ilẹ̀ Faransé, Newcastle ti England, àti Connacht ti ilẹ̀ Ireland. Connacht yìí, ìlú Galway ni ibùjókòó wọn, létí òkun níwọ̀ oòrùn Ireland níbi tí òjò kì í ti í dá. Pápá wọn ò yàtọ̀ sí ti ẹgbẹ́ tálákà: ọ̀nà tí àwọn ajá ti ń sáré ìje ló yí i po. Lọ́jọ́ kan rọ́gíbì, lọ́jọ́ míì ajá.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2015, Connacht gbéra lọ sí Krasnoyarsk. Láti Galway síbẹ̀, aago fi wákàtí 7 yàtọ̀. Òtútù tó wà nílẹ̀ lọ́jọ́ náà kọjá èyí tí ẹnu lè sọ, ó rẹlẹ̀ jìnnà sí ibi tí omi ti ń di yìnyín. Àwọn ọkùnrin tí apá wọn tó itan ẹlòmíì ń gbọ̀n bí ewé. Wọ́n gbá a, Connacht sì borí. Ó yẹ kó parí síbẹ̀. Rárá o. Ọkọ̀ òfuurufú tí wọ́n háyà bàjẹ́ sọ́hùn-ún. Wọ́n há sí Siberia! Wọ́n wá pín ara wọn sọ́wọ̀ọ́-sọ́wọ̀ọ́, àwọn wọ̀nyí wọ ọkọ̀ gba ibí, àwọn tọ̀hún gba ibòmíì, láti ìlú dé ìlú, ó sì gbà wọ́n lọ́jọ́ mélòó kan kí gbogbo wọn tó fojú kan ilé. Ẹni tó bá ti há sí pápákọ̀ òfuurufú Ìkẹjà níbí rí, tí wọ́n ń sọ fún un pé ọkọ̀ máa gbéra láìpẹ́, láìpẹ́, ó mọ ohun tí mò ń sọ. Àmọ́ tiwa ò ní yìnyín nínú.

Kí ló kan Yorùbá nínú èyí? Ó kàn wá o. Lára àwọn tí Connacht ń sanwó oṣù fún nígbà náà ni ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Niyi Adeolokun. Ìbàdàn ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1990. Ó di ọdún 2001 káwọn òbí rẹ̀ tó kó lọ sí Dublin. Ẹ wò ó, ọmọ ọdún mẹ́wàá tó kúrò nínú ooru Ìbàdàn bọ́ sínú òjò Dublin. Bọ́ọ̀lù ìbílẹ̀ àwọn ará Ireland ló kọ́kọ́ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, kó tó di pé rọ́gíbì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Eré ẹsẹ̀ rẹ̀ ò kéré. Ọdún 2014 ni Connacht fún un níṣẹ́.

Ní ọjọ́ 28 oṣù karùn-ún ọdún 2016, nǹkan bí oṣù mẹ́fà lẹ́yìn wàhálà Siberia, Connacht wọ àṣekágbá líìgì Pro12 pẹ̀lú Leinster, ẹgbẹ́ olówó tó wá láti Dublin. Pápá Murrayfield ní Edinburgh ni, nílẹ̀ Scotland. Niyi gba bọ́ọ̀lù lápá ọ̀tún. Kò síbi tó fẹ́ gbà. Ògiri èèyàn ló wà níwájú rẹ̀. Ó rọra fẹsẹ̀ gbé bọ́ọ̀lù kọjá lórí wọn, ó já wọn sílẹ̀, ó sáré bá a, ó sì gbé e kanlẹ̀ ní kọ̀rọ̀ pápá. Try! Àmì 20 sí 10 ló parí sí. Ife ẹ̀yẹ ńlá àkọ́kọ́ nínú ìtàn Connacht nìyẹn. Nínú oṣù kọkànlá ọdún kan náà, Niyi wọ aṣọ ilẹ̀ Ireland láti kojú Canada. Òun ni ọmọ tí wọ́n bí sí Nàìjíríà tó kọ́kọ́ ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹ má tíì pàtẹ́wọ́ tán. Ẹgbẹ́ tí mò ń wí yìí, wọ́n ti fẹ́ pa á tẹ́lẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 2003, àjọ tó ń ṣàkóso rọ́gíbì ní Ireland ń gbèrò láti ti Connacht pa, wọ́n ní kò mówó wọlé. Kí làwọn ará Galway ṣe? Wọn ò wá bàbá ìsàlẹ̀. Wọ́n wọ bọ́ọ̀sì, wọ́n wọkọ̀ ojú irin, àgbẹ̀ wà nínú wọn, tíṣà wà nínú wọn, ìyá àgbà wà nínú wọn, wọ́n rọ́ lọ sí Dublin, wọ́n sì wọ́de lọ sí ọ́fíìsì àjọ náà. Àjọ náà jáwọ́. Ká ní wọ́n jókòó sílé ni, níbo ni Niyi ì bá ti gba owó oṣù?

Ẹ jẹ́ kí n yà sí Murrayfield díẹ̀, torí pápá yẹn ní ọ̀rọ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ wa. Lọ́dún 1993, ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ́kọ́ gbá ife ẹ̀yẹ àgbáyé ti rọ́gíbì ẹlẹ́ni méje. England ló gbà á, wọ́n na Australia ní àmì 21 sí 17. Ta ni olórí ikọ̀ England? Andrew Harriman, ọmọ tí wọ́n bí sí Èkó. Ta ló tún wà nínú ikọ̀ náà? Adedayo Adebayo, ọmọ tí wọ́n bí sí Ìbàdàn. Eré tí Harriman sá lọ́jọ́ náà, ó fi David Campese sílẹ̀ bí ẹni tó dúró, Campese tí gbogbo ayé ń bẹ̀rù nígbà náà. Adebayo ní tirẹ̀, ó wà nínú ẹgbẹ́ Bath tó gba ife ẹ̀yẹ Yúróòpù lọ́dún 1998, nígbà tí wọ́n fi àmì kan ṣoṣo borí Brive, 19 sí 18. Victor Ubogu, tí wọ́n bí sí Èkó, wà nínú ẹgbẹ́ kan náà. Ayoola Erinle, wọ́n bí òun náà sí Èkó, ó wà lórí pápá nígbà tí Wasps gba ife ẹ̀yẹ kan náà lọ́dún 2004. Erinle yìí, ẹ gbọ́ o, ó kàwé gboyè nídìí ìtọ́jú ojú. Ẹ̀yin ìyá tẹ́ ẹ ń sọ pé eré orí pápá kì í jẹ́ kọ́mọ kàwé, mo fi ẹjọ́ yín sun Erinle.

(Ìró: súfèé rẹfirí. Ariwo èrò.)

Ẹ̀yin náà ń gbọ́ orúkọ, ẹ ń rẹ́rìn-ín. Àmọ́ níbo ni Wasps wà lónìí? Lọ́dún 2022, gbèsè wó o. Bẹ́ẹ̀ ni Worcester ní ọdún kan náà. Lọ́dún 2023, ó kan London Irish, ẹgbẹ́ tí Topsy Ojo, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí London, ti gbá eré 301 fún, tí kò sẹ́ni tó tó o níbẹ̀. Ẹgbẹ́ tó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún! Olówó tó ni ín wá ẹni tó máa rà á, kò rí i dójú ọjọ́ tí wọ́n dá fún un, wọ́n sì yọ ẹgbẹ́ náà kúrò nínú líìgì. Àwọn agbábọ́ọ̀lù bẹ̀rẹ̀ sí í wáṣẹ́. Ẹ máa sọ pé Nàìjíríà nìkan ló ń pa ẹgbẹ́ o.

Ti Enisei-STM náà, owó ìjọba agbègbè Krasnoyarsk ń wọlé fún un, ó sì ń gbá líìgì ilé. Àmọ́ látìgbà tí Rọ́ṣíà ti gbógun wọ Ukraine lọ́dún 2022, àjọ rọ́gíbì àgbáyé ti ti ìlẹ̀kùn ìdíje ilẹ̀ òkèèrè mọ́ wọn. Ẹgbẹ́ tó lálàá Yúróòpù, ọwọ́ ìjọba tirẹ̀ ló bà á jẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ìdájọ́ tèmi nìyẹn.

(Ìró: ẹ̀rọ iléeṣẹ́. Lẹ́yìn náà, jẹnẹrétọ̀.)

Ó yá, ẹ jẹ́ ká padà sílé. Títí di ọdún 1967 tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀, abẹ́ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ni Ìkẹjà wà. Ìjọba yẹn ló la ilẹ̀ iléeṣẹ́ sí Ìkẹjà. Ọba Akran tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe títì yẹn, Ọba Àgbádárìgì ni, ó sì ṣe mínísítà nínú ìjọba náà. Iléeṣẹ́ Guinness dé, Dunlop dé, ti aṣọ dé, ti ọ̀dà dé, Cadbury dé sí Agídíngbì. Ọmọ ọlọ́mọ wá láti Ìjẹ̀bú, Ọ̀fà, Ògbómọ̀ṣọ́, wọ́n gba yàrá sí Agége, wọ́n ń jí lọ sẹ́nu iṣẹ́. Tó bá jẹ́ pé iléeṣẹ́ àti òṣìṣẹ́ ló ń bí ẹgbẹ́ rọ́gíbì, bíi ti Krasnoyarsk, ó yẹ kí Ìkẹjà ti bí bíi mẹ́ta.

Kò bí i. Àwọn òyìnbó amúnisìn gbé rọ́gíbì wá, àárín ara wọn ni wọ́n sì kọ́kọ́ ti ń gbá a. Títí dòní àwọn ọ̀dọ́ ń gbá a ní Èkó àti Kánò, orílẹ̀-èdè wa sì ní ikọ̀ tí wọ́n ń pè ní Black Stallions, àmọ́ kò sí ẹgbẹ́ rọ́gíbì kan tó ń sanwó oṣù gidi fún ọmọ Agége. Bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ló gba ilẹ̀, àwọn iléeṣẹ́ wa náà sì náwó sí i dáadáa nígbà kan. Ẹ rántí Leventis United ti Ìbàdàn: wọ́n gba ife ẹ̀yẹ Challenge Cup ti bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ilẹ̀ wa lọ́dún 1984 àti 1986. Ẹ rántí Abiola Babes ti Olóyè M. K. O. Abiola, ẹni tí iléeṣẹ́ ìwé ìròyìn Concord rẹ̀ wà ní Ìkẹjà níbí: wọ́n gbà á lọ́dún 1985 àti 1987. Julius Berger ti àwọn kọ́lékọ́lé, Sunday Oliseh gbabẹ̀ kọjá, Taribo West gbabẹ̀ kọjá. Wọ́n gba líìgì lọ́dún 1991 àti 2000, wọ́n sì dé àṣekágbá ife ẹ̀yẹ Áfíríkà nígbà méjì.

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dà? Olówó wọn ló dìde kúrò nídìí wọn. Kò sẹ́ni tó wọ bọ́ọ̀sì lọ sí ọ́fíìsì kankan. Dunlop gan-an, tí ò sí ẹni tó rò pé ó lè dákẹ́, dáwọ́ táyà ṣíṣe dúró ní Ìkẹjà lọ́dún 2008. Bí iléeṣẹ́ ò bá lè dá ẹsẹ̀ ara rẹ̀ dúró, báwo ló ṣe máa gbé ẹgbẹ́?

Agége wá rí tirẹ̀ gbà lọ́wọ́ ìjọ Ọlọ́run. Ìjọ Mountain of Fire and Miracles, ti Dókítà Daniel Kolawole Olukoya, dá MFM FC sílẹ̀ lọ́dún 2007. Ní sáà 2016, wọ́n ti dé ìpele tó ga jù, pápá Agége sì di ilé wọn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ lọ síbẹ̀ lásìkò yẹn, ẹ rántí. Kóríko oníke ni wọ́n tẹ́ síbẹ̀. Lọ́sàn-án gangan, ooru rẹ̀ á máa gba abẹ́ bàtà wọlé, àwọn hóró rọ́bà dúdú á sì máa ta sókè tí ẹsẹ̀ bá ti kanlẹ̀, á lẹ̀ mọ́ ìbọ̀sẹ̀, á lẹ̀ mọ́ ojú. Lórí ìjókòó kankéré, ọmọ onípiọ́wọ́tà ò ní jẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ súfèé. Onílù wà lápá kan. Mùsùlùmí Agége wà níbẹ̀, ó ń pariwo fún ẹgbẹ́ ìjọ, kò sì sẹ́ni tó bi í léèrè. Àdúgbò ló wá wo ọmọ àdúgbò.

Ọdún 2017 ni wọ́n tàn jù. Akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn ni Fidelis Ilechukwu. Sikiru Olatunbosun gbá góòlù kan wọlé Rangers ti Enugu ní Agége yìí, CNN gbé e sórí afẹ́fẹ́ mọ́ àwọn góòlù ọ̀sẹ̀, àwọn èèyàn sì dìbò fún un kárí ayé pé òun ló dára jù. Stephen Odey gbá góòlù 18 wọlé nínú líìgì ọdún yẹn, FC Zurich sì rà á lọ sí Switzerland. Ipò kejì ni MFM ṣe, lẹ́yìn Plateau United. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọ́n wọ Champions League Áfíríkà, wọ́n yọ Real Bamako ti Mali, wọ́n sì na MC Alger ti Algeria ní 2 sí 1 nílé. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Algiers, ẹ má jẹ́ kí n pẹ́ níbẹ̀: òdo sí mẹ́fà.

Ó di ọdún 2022, MFM já bọ́ kúrò ní ìpele tó ga jù. Ìjọ tó dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ṣe dáadáa, mi ò ní bu iyì rẹ̀ kù. Ohun tí ìjọba àti iléeṣẹ́ ò ṣe fún Agége, ó ṣe é. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Àwa tá a ń pariwo lórí kankéré, mélòó nínú wa ló san owó ẹnu ọ̀nà? Mélòó ló ra aṣọ ẹgbẹ́, èyí tó jẹ́ ojúlówó? Owó tá a ń san láti wo Chelsea àti Arsenal ní ilé ìwòran lọ́sẹ̀ kan, tá a bá fi ìdá kan nínú rẹ̀ sílẹ̀ fún pápá Agége...

Ẹ̀gbọ́n tó wà nídìí ẹ̀rọ ti ń fọwọ́ sí mi. Ó ní ìpolówó ọjà ń bọ̀, ìròyìn ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Mo ṣì fẹ́ sọ ti Maro Itoje, tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, tó ṣe olórí ikọ̀ British and Irish Lions ní Australia lọ́dún 2025. Kò sáyè mọ́.

Kí n yára sọ èyí. Ẹ̀yin ọ̀gá iléeṣẹ́ tó kù ní Ọba Akran, Agídíngbì àti Ogba, ọmọ tó ń gbé ẹrù lẹ́nu ọ̀nà yín ní eré ẹsẹ̀. Ẹ ra bọ́ọ̀lù fún un, èyí tó rí roboto àti èyí tó gùn. Ẹ̀yin ará Agége, bí wọ́n bá ń gbá bọ́ọ̀lù ní pápá yín lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀, ẹ má gba ẹ̀yìn ògiri wọlé. Ẹ gba ẹnu ọ̀nà, kẹ́ ẹ sì sanwó.

(Orin ìparí.)